Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Ilé Kó Tó Délé

 

Àwọn tó ṣètò ọjọ́ àṣà wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè mọ orílẹ̀-èdè mìíràn kó tó rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ilẹ̀ Faransé tàbí Ṣáínà ni wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí mo wá rò ó dáadáa, mo rí i pé orílẹ̀-èdè òkèèrè tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí a bí sí Calgary máa ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ni Nàìjíríà. Ilé ni àwa òbí ń pè é. Lójú tiwọn, ilẹ̀ àjèjì ni. Bí a kò bá rántí pé méjèèjì ló jẹ́ òótọ́, a ó kó ọmọ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ibi tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, a ó sì máa bínú sí i pé kò mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe mọ Kánádà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa. Oṣù Kìíní ọdún 2000 ni mo dé ìlú yìí. Kí n tó kúrò nílé, mo bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Obìnrin kan ládùúgbò wa sọ fún mi pé òtútù Kánádà dà bí ọyẹ́, ó kàn le jù ú lọ díẹ̀ ni. Mo ra súwẹ́tà kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfurufú Calgary ṣí, tí afẹ́fẹ́ ìta kàn mí lójú, ńṣe ló dà bí ẹni pé ènìyàn kan gbá mi létí. Òtútù ọjọ́ náà ti lọ sí dígírì 30 sísàlẹ̀ òdo. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ti rin ọ̀nà náà rí ló yẹ kéèyàn ti bèèrè.

Lẹ́yìn náà ni a jókòó kọ́ Kánádà bí ọmọ iléèwé. A kọ́ pé ọdún 1867 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pé ó ní ìpínlẹ̀ 10 àti agbègbè 3, àti pé ọdún 1905 ni Alberta di ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé ìbéèrè 20 ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò náà, àti pé ó gbọ́dọ̀ gba 15 kó tó yege. A kọ́ ọ tọkàntọkàn nítorí pé ìdánwò ń bẹ níwájú.

Nígbà tí a bá wá fẹ́ mú ọmọ lọ sílé ńkọ́? A ó ra báàgì ńlá. A ó ra ọṣẹ, ìpara, bàtà àti aṣọ fún àwọn ará ilé. A ó gbé ẹrù lé òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, kó má baà ju kílò 23 lọ. A ó wọn ẹrù, ṣùgbọ́n a kò ní wọn ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé dání nínú orí rẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rí àbájáde rẹ̀.

Ta ni Àkànní?

Ní oṣù Keje ọdún 2009, èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí Abẹ́òkúta láti lọ rí ìyá mi. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 8, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 5. Màmá ti ń retí wa láti àárọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń pè: "Àkànní! Àkànní, ọkọ mi!"

Ọmọ mi wo ẹ̀yìn. Ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Ó wá yíjú sí mi, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Màmá, ta ni Àkànní?"

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ "Àkànní" nínú ìbéèrè náà, ó sì yé wọn. Ọwọ́ tí wọ́n nà rọra wá sílẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ ò sọ orúkọ ọmọ fún ọmọ?"

Àwọn ni wọ́n fún un ní oríkì náà lórí fóònù láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Orúkọ tí wọ́n fi ń gbàdúrà fún un láràárọ̀ nìyẹn fún ọdún 8. Ọmọ kò sì gbọ́ ọ rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọmọ mi na ọwọ́ sí ìyá mi láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, bó ṣe ń ṣe sí olùkọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gba ẹran lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá a wí, ó wò wọ́n lójú kòrókòró, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Calgary ni pé kí ọmọ máa wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ní Abẹ́òkúta, àfojúdi nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ń sunkún fún mi pé ìyá àgbà kò fẹ́ràn òun. Nígbà tí mo wọ yàrá Màmá, àwọn náà ń sọ fún mi pé ọmọ náà kò fẹ́ràn àwọn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Èmi tí mo wà láàárín ni mi ò ṣe iṣẹ́ mi.

Ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀

Nígbà tí a padà sí Calgary, mo pinnu pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe, bóyá ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí máàpù. Mo lẹ máàpù Nàìjíríà mọ́ ara ògiri yàrá wọn, mo sì fi ti Alberta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alberta fẹ̀ tó 661,848 kìlómítà níbùú lóròó. Nàìjíríà jẹ́ 923,768. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ bí ọmọ ṣe rò. Ibi tí ẹnu ti yà wọ́n ni iye ènìyàn: nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ló wà ní Alberta, ti Nàìjíríà sì lé ní mílíọ̀nù 200. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kò ní bẹ̀rù nígbà tó bá dé Oṣòdì, nítorí yóò ti mọ ìdí tí èrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. A tún kọ́ wọn pé kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Calgary lọ sí Èkó tààrà, pé a ó sọ̀ ní ìlú mìíràn, bíi Amsterdam, London tàbí Frankfurt, ká tó wọ òmíràn. Aago Nàìjíríà sì fi wákàtí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú tiwa. Tí ẹ bá ń jẹun alẹ́ níbí, ìyá àgbà ti sùn lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn máàpù, ó kan ìkíni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀ o. Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo ohun tí ènìyàn lè máa ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ṣe àríyá, ẹ kú ìnáwó. Tí ẹ bá ti ìrìn àjò dé, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó wà nílé pé, "Ẹ kú ilé o," àwọn náà yóò sì dáhùn pé, "Ẹ kú àbọ̀." Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. "Ẹ" ni a ń sọ fún àgbà, a kì í sọ "o" fún wọn. Tí àgbà bá pè yín, "Sà" tàbí "Mà" ni ìdáhùn. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fúnni. Tí àgbà bá ń bá yín wí, ẹ wolẹ̀ díẹ̀. Èyí kò sọ pé ohun tí olùkọ́ yín ní Calgary kọ́ yín kò dára. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni, ọmọ tó gbọ́n sì lè mọ ti ilé méjì.

Ó tún kan ẹbí. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ní orúkọ tirẹ̀, ọmọ ìyá ẹni ní tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jù ọ́ lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tí o bá jù lọ ni àbúrò rẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé tí ọmọ 15 sọ pé ẹ̀gbọ́n yín làwọn, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. A ya àwòrán gbogbo wọn sínú ìwé kan, a kọ orúkọ àti oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí ọmọ náà mọ ilé tí a wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn ìlú. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Mo sọ ìtàn Samuel Àjàyí Crowther fún wọn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Ó kàwé níbẹ̀, ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Yorùbá kú mọ́ òun lẹ́nu. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ tó kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ní London. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ayọ̀ kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè ló dí wọn lọ́wọ́. Ìtàn yìí ló mú mi ronú jù lọ: ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú lọ tọ́jú èdè ìyá rẹ̀ fún ọdún 25, àwa tí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wá síbí, kí ni àwíjàre wa?

Bí ìlú tiyín kì í bá ṣe Abẹ́òkúta, ìtàn kò wọ́n. Ẹ sọ fún ọmọ Ìbàdàn pé Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, ti parí ní 1965, ọdún 3 kí wọ́n tó ṣí Calgary Tower ní 1968. Ẹ sọ fún ọmọ Òṣogbo pé igbó Ọ̀ṣun wọ inú ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005. Ẹ sọ fún ọmọ Ifẹ̀ nípa àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ọmọ tó mọ ohun kan nípa ìlú rẹ̀ yóò ní ìbéèrè tí yóò béèrè nígbà tó bá dé ibẹ̀, àgbà sì fẹ́ràn ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ara líle àti ìwé ìrìnnà

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí kò gba àwàdà. Ẹ lọ rí dókítà tàbí ilé ìwòsàn àwọn arìnrìn-àjò ní ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra. Àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 10 lára kó tó ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2016 sì ni yẹ́lò káàdì tí wọ́n ń fúnni lé e lórí ti di èyí tí kì í tán, títí ayé ni. Ní ti ibà, ọmọ tí a bí sí Calgary kò ní ohun tí yóò fi bá a jà lára. Àwa náà tí a ti pẹ́ níbí, agbára tí ara wa ní tẹ́lẹ̀ ti dín kù. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé, "Ṣebí ibẹ̀ la ti dàgbà." Ẹ jẹ́ kí dókítà fún yín lóògùn ìdènà ibà, ẹ lò ó bó ṣe wí, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé, kí ẹ sì sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ dé Calgary, ì báà jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ lọ sí Nàìjíríà.

Ní ti ìwé, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà ìbí, bí wọ́n tilẹ̀ bí i sílẹ̀ òkèèrè. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín, nítorí ó dára kó mọ̀ pé kì í ṣe àlejò lásán lòun ń lọ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìwé ìrìnnà Kánádà tí yóò fi padà wọlé síbí. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń mú ọmọ lọ, kó gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ èkejì.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà wà. Iná ilé wa níbí jẹ́ fóòtì 120. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Ẹ̀rọ eré ìdárayá tí ọmọ mi gbé lọ ní 2009 jó lọ́jọ́ kejì tí a dé, ó sì sunkún tó fi sùn. Iná lè lọ nígbàkigbà, bó bá dé, gbogbo àdúgbò á pariwo pé, "Up NEPA!" bí ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ NEPA tilẹ̀ ti kógbá sílé láti 2005. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ariwo yẹn ju ohunkóhun lọ. Ọkọ̀ kì í dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ bíi ti ibí, nítorí náà, ẹ di ọwọ́ àgbà mú kí ẹ tó sọdá. Tí ẹ bá lọ nínú ọyẹ́, ẹ ó rí i pé ètè yín á là bó ṣe ń là nígbà tí afẹ́fẹ́ chinook bá fẹ́ wá láti orí òkè Rocky. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ làwọn méjèèjì. Tọ̀hún ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà.

Àwa òbí náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́

Ìlú tí a fi sílẹ̀ kò dúró dè wá. Mo ti tọ́jú ẹyọ owó 50 kọ́bọ̀ díẹ̀ sínú agolo kan láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo fún àwọn ọmọ mi ní 2009 pé kí wọ́n fi ra gúgúrú. Obìnrin onígúgúrú gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu gúgúrú fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá wọn tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ojú tì mí. Nàìjíríà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni èyí tó wà lórí mi, kì í ṣe èyí tó wà nílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ lọ, mo máa ń pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé láti béèrè iye tí wọ́n ń ná ọjà, ọ̀nà tó dára láti gbà, àti ohun tó ti yí padà. Láti 2021, fún àpẹẹrẹ, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Bí n kò bá béèrè, n kò bá máa sọ ìtàn mọ́tò nìkan fún ọmọ.

"Mà!"

Ọdún 3 la fi múra. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, a ń pe Màmá lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 15, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ kí wọn ní Yorùbá. Lákọ̀ọ́kọ́, "Ẹ kú àárọ̀, mà" nìkan ni wọ́n lè sọ. Nígbà tó yá, wọ́n ń béèrè ohun tí Màmá jẹ. Nígbà tó tún yá, Màmá ń pa àlọ́ fún wọn. A fi kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa kọ́ ìdọ̀bálẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín gan-an.

Oṣù Keje ọdún 2012 la tún lọ. Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn kò pariwo. Wọ́n rọra pè é, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ojú tún ti òun. "Àkànní."

"Mà!" Ọmọ mi ti wà nílẹ̀ gbọọrọ lórí iyẹ̀pẹ̀, tòun ti aṣọ funfun ọrùn rẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Màmá."

Màmá kò lè dáhùn kíákíá. Wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi kan orí rẹ̀.

Màmá papò dà ní 2015. Gbogbo wa kò lè lọ sí ìsìnkú. Ọmọ mi, tó ti di ọmọ ọdún 14, gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà." Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ọmọ náà ní, "Màmá ni."

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ bi àwọn òbí yín ní ìbéèrè 3. Kí ni oríkì mi? Ìlú wo la ti wá, báwo ni wọ́n sì ṣe tẹ̀ ẹ́ dó? Ta ló dàgbà jù nínú ẹbí wa tó ṣì wà láyé, ṣé a lè pè é ní Sátidé yìí? Ẹ̀yin òbí, bí ìdáhùn kankan bá nira fún yín, ẹ pe ilé kí ẹ béèrè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní wà níbẹ̀ títí láé.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a lọ ire, kí a bọ̀ ire. Ilé kò ní di ìgbàgbé fún wa, àjò kò sì ní jẹ ọmọ wa run.